Ìrántí Ta Lẹ Fẹ́ Nù? Ọ̀rọ̀ Lórí Káàṣì DNS fún Àwọn Tó Ń Ṣiṣẹ́ Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní Gbàgádà

 

Ẹ jẹ́ ká mú un látorí ohun tí ojú gbogbo wa ti rí. Ilé ẹ̀kọ́ kan gbé ìkànnì rẹ̀ kúrò lórí sáfà kan lọ sórí òmíràn. Orúkọ ìkànnì náà kò yí padà, ibi tó fìdí kalẹ̀ sí ló yí padà. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ṣí i látorí fóònù rẹ̀ nílé, ìkànnì tuntun ló rí. Akọ̀wé ṣí i ní ọ́fíìsì, ti àtijọ́ ló bá pàdé. Òbí kan tó fẹ́ forúkọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ wọ inú ti àtijọ́, ó kọ gbogbo ohun tí wọ́n béèrè, ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́, kò sì dé ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n bá pe ọmọkùnrin tó ń bá wọn mójú tó kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni èyí tó máa ń jáde lẹ́nu gbogbo wa: “Ẹ flush DNS yín, ẹ nu káàṣì.”

Ìmọ̀ràn náà kò burú. Ìbéèrè tí a kì í bi ara wa ni pé káàṣì, ìyẹn ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń pa ìdáhùn mọ́, ti ta ni? Láàárín ẹni tó ń béèrè orúkọ àti ẹni tó ni orúkọ, ìrántí bíi mẹ́rin tàbí márùn-ún ló wà lójú ọ̀nà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní ẹni tó ni ín. Akọ̀wé lè nu ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn ni ìdáhùn àtijọ́ wà, omi ló ń dà sẹ́yìn igbá. Ohun tí mo wá bá yín sọ kò ju èyí lọ: ẹ mọ ìrántí tí ẹ ń nù, ẹ má nù ju ibi tó bàjẹ́ lọ, kí ẹ sì mọ̀ pé ọwọ́ ẹni tó ni orúkọ ni àtúnṣe gidi wà, kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni ń nu nǹkan kan.

Kí la tiẹ̀ ń rántí sí? Nígbà tí kọ̀ǹpútà tó so mọ́ra wọn ní Amẹ́ríkà kò tíì pọ̀, ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní HOSTS.TXT ni orúkọ àti àdírẹ́sì gbogbo wọn wà. Ibì kan ni wọ́n ti ń tọ́jú rẹ̀ ní Califọ́níà, kálukú a sì lọ da á kọ síbi tirẹ̀. Ẹ̀rọ pọ̀ sí i, ìwé náà kò tó mọ́. Ní 1983 ni Paul Mockapetris gbé ètò DNS, tó ń sọ orúkọ di àdírẹ́sì, jáde, ó sì tún un kọ ní 1987 sí irú èyí tí gbogbo ayé ṣì ń lò lónìí. Nínú ètò yẹn, ẹ̀ka orúkọ kọ̀ọ̀kan ní alábòójútó tirẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá sì gba ìdáhùn lọ́wọ́ alábòójútó náà lẹ́tọ̀ọ́ láti rántí rẹ̀ fún ìwọ̀n àkókò tí alábòójútó fọwọ́ sí. Láìsí ẹ̀tọ́ ìrántí yẹn, DNS ì bá ti dojú dé lábẹ́ ìbéèrè tipẹ́tipẹ́.

Ẹ̀ka tiwa, .ng, wọ inú àkọsílẹ̀ àgbáyé ní oṣù Kẹta 1995. Ìyáàfin Ìbùkún Odùṣọtẹ̀ ló dúró fún Nàìjíríà lórí rẹ̀ nígbà náà, tí Randy Bush, ará Amẹ́ríkà, ń mójú tó iṣẹ́ ẹ̀rọ. Ní 2005 ni wọ́n dá NiRA sílẹ̀, àjọ tó ń bójú tó o títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ wo ìrìn àjò ìbéèrè kan. Ẹnì kan jókòó ní Gbàgádà, ó kọ unilag.edu.ng. Yunifásítì Èkó kò jìnnà sí wa, ẹni tó bá dúró lórí afárá Third Mainland ń wò ó ní Àkọkà. Ẹ̀rọ kò fojú rí i bẹ́ẹ̀. Resolver, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń bá wa wá ìdáhùn orúkọ, tí kò bá rántí nǹkan kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi gbòǹgbò ètò DNS pé ta ló mọ̀ nípa .ng. Orúkọ mẹ́tàlá ni gbòǹgbò ní, láti A dé M, ẹ̀dà wọn sì wà káàkiri ayé, tí a fi ní díẹ̀ níhìn-ín ní Èkó. Gbòǹgbò á tọ́ka sí àwọn sáfà .ng, àwọn náà á tọ́ka síwájú, títí yóò fi dé ọ̀dọ̀ sáfà tí yunifásítì fi orúkọ rẹ̀ sí lọ́wọ́. Ìgbà náà ni àdírẹ́sì á tó jáde. Bí ọ̀kan nínú àwọn sáfà wọ̀nyí bá wà ní Lọ́ńdọ̀nù, àlọ àti àbọ̀ ìbéèrè yẹn nìkan ń gba nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, àmọ́ ojú ìwé kan lórí ìkànnì ìròyìn lè béèrè orúkọ tó lé ní ogún kó tó ṣí tán. Ìrántí ló jẹ́ ká máa rí i bíi pé ojú ẹsẹ̀ ló ń ṣí.

Gbogbo ìdáhùn DNS ló sì ń gbé ọjọ́ ikú rẹ̀ lọ́wọ́ wá. TTL ni à ń pè é, ìṣẹ́jú àáyá la fi ń kà á: 300 jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún, 3600 jẹ́ wákàtí kan, 86400 jẹ́ odindi ọjọ́ kan. Ẹ̀yin tí ẹ gbé kọ̀ǹpútà dání, ẹ lè wò ó nísinsìnyí. Ẹ tẹ dig, ẹ fi orúkọ ìkànnì kan tẹ̀lé e. Nínú ìdáhùn tó bá jáde, nọ́ńbà kan wà láàárín orúkọ àti àdírẹ́sì. Ẹ kà á. Ẹ mu omi díẹ̀, kí ẹ tún un tẹ̀. Bí ó bá jẹ́ 3000 lẹ́ẹ̀kan, tó wá di 2988, inú ìrántí ni ìdáhùn náà ti wá, ọjọ́ orí rẹ̀ ló ń lọ sílẹ̀ lójú yín yẹn. Bí nọ́ńbà náà kò bá kúrò lójú kan ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀dọ̀ ẹni tó ni orúkọ gan-an lẹ ti ń gbà á. Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí kọ́kọ́ wò nìyẹn, kó tó fọwọ́ kan àṣẹ tó ń nu nǹkan. Nọ́ńbà yẹn á sọ fún un bóyá ìrántí ló wà nídìí ọ̀rọ̀, á sì sọ iye ìṣẹ́jú tó kù kí ìrántí náà fúnra rẹ̀ lọ. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti fi wákàtí mẹ́ta wá ojútùú sí ohun tí ìṣẹ́jú mẹ́rin péré kù kó tó yanjú ara rẹ̀.

Ọmọ ènìyàn kò ní TTL. Ní oṣù Keje 2025, ìjọba ìdàgbàsókè Bàrígà kéde pé ibùdókọ̀ Charly Boy, tí gbogbo wa mọ̀ lójú títì Gbàgádà, ti di Baddo, wọ́n fi yẹ́ olórin Olamide sí. Ọjọ́ kan ni wọ́n kéde rẹ̀, àmọ́ ẹnu kọ̀ńdọ́kítọ̀ kò ní ọjọ́ tí ohun tó wà nínú rẹ̀ ń parẹ́. Ó lè fi ogún ọdún pe Charly Boy, kò sì sí ẹni tó lè pàṣẹ fún un kó gbàgbé. Oore tí DNS ṣe fún wa ni pé ó kọ ọjọ́ ìgbàgbé mọ́ ara ìrántí láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká tọ ọ̀nà náà láti ọ̀dọ̀ ẹni tó ń lò ó, ká rí àwọn tó ń rántí. Búráúsà fúnra rẹ̀ ń rántí. Nínú Chrome, chrome://net-internals/#dns ni bọ́tìnì tó ń nù ún wà. Lẹ́yìn búráúsà ni kọ̀ǹpútà: ní Windows, ipconfig /flushdns ló ń nù ún; lórí Linux tó ń lo systemd-resolved, resolvectl flush-caches; lórí ẹ̀rọ Apple, dscacheutil -flushcache, kí ẹ sì fi killall -HUP mDNSResponder tẹ̀ lé e. Ní ti fóònù Android tó wà lápò ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa, ẹni tó bá tan airplane mode, tó sì pa á, ti kúrò lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, ó ti padà wọ̀ ọ́, ìrántí ti ìṣáájú kì í sì í bá a wọlé.

Gbogbo èyí, ẹ̀rọ ẹnì kan ṣoṣo ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan gbogbo ilé ni ráútà. MikroTik, tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì ládùúgbò, lè jẹ́ resolver fún gbogbo ẹni tó wà nínú ọ́fíìsì. Ẹ wọ inú Winbox, ètò tí wọ́n fi ń ṣàkóso MikroTik, ẹ lọ sí IP, ẹ lọ sí DNS, ẹ tẹ Cache: ẹ ó rí orúkọ tí ọ́fíìsì ti béèrè, pẹ̀lú iye àkókò tó kù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo fẹ́ràn kí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi wo ojú yẹn fún ìgbà díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ Flush Cache. Wọ́n á rí i pé orúkọ kan péré ló ń dà wọ́n láàmú, tí àwọn yòókù ń ṣe iṣẹ́ wọn lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi àṣẹ ṣe é yóò tẹ /ip dns cache flush, ó parí.

Lẹ́yìn ráútà ni resolver ilé iṣẹ́ tó ń tà yín ní íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí ti àwọn ńlá ayé bíi 8.8.8.8 ti Google, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, àti 1.1.1.1 ti Cloudflare, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2018. Ẹ kò láṣẹ lórí àwọn wọ̀nyẹn. Google àti Cloudflare ṣí ojú ìwé kan tí ẹnikẹ́ni ti lè bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n gbàgbé orúkọ kan, kí ẹ lò ó. Ní ti ilé iṣẹ́ tó ń tà á níhìn-ín, ẹ pè wọ́n, kí ẹ sì sọ orúkọ náà gan-an fún wọn. Ẹni tó bá sọ pé “íntánẹ́ẹ̀tì yín kò dáa” kò tíì sọ nǹkan kan. Ẹni tó bá sọ pé “orúkọ báyìí, resolver yín ṣì ń dá àdírẹ́sì báyìí padà, TTL tó kù jẹ́ báyìí” ti fi ọ̀rọ̀ náà sí ọwọ́ ẹni tó lè tún un ṣe.

Ohun kan wà tó ń da ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ rú láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Láti Android 9 ni fóònù ti ní Private DNS, búráúsà náà sì lè máa gbé ìbéèrè rẹ̀ gba inú ọ̀nà tó wà lábẹ́ àṣírí lọ sọ́dọ̀ resolver míì tààrà. Fóònù bẹ́ẹ̀ kò bi ráútà yín léèrè ohunkóhun nípa orúkọ. Ẹ lè nu ráútà títí tí ọwọ́ yín á fi bó, fóònù yẹn á ṣì wà níbi tó wà. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tí fóònù náà ń bi.

Bákan náà ni ti àwọn tó máa ń sáré yí DNS kọ̀ǹpútà sí 8.8.8.8 nígbàkigbà tí nǹkan bá lọ́ra. Wọn kò nu nǹkan kan, wọ́n kàn lọ bi ẹlòmíràn ni. Ó lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́jọ́ kejì, kọ̀ǹpútà yẹn kò mọ orúkọ sáfà inú ọ́fíìsì mọ́, kò mọ ibi tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wà, nítorí orúkọ inú ilé ni, ẹni ìta kò lè mọ̀ ọ́n.

Mo fẹ́ kí ẹ fún mi láyè lórí ọ̀rọ̀ iná, nítorí kò sí nínú ìwé tí àwọn òyìnbó kọ fún wa. Inú RAM ni káàṣì ń gbé. Ohun tó bá wà nínú RAM, bí iná bá lọ, ó lọ. Ní àdúgbò wa, wọ́n lè mú iná lẹ́ẹ̀mẹta kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹnì kan á lọ tan jẹnẹrétọ̀, wọ́n á dá iná padà, wọ́n á tún yí i. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ráútà bá kú tó sì jí, ó ti nu gbogbo ìrántí rẹ̀ láìsí pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń ṣàròyé pé “bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, íntánẹ́ẹ̀tì máa ń wúwo.” Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ogún kọ̀ǹpútà ló ń béèrè orúkọ lẹ́ẹ̀kan náà lọ́wọ́ ráútà tí kò rántí ẹnikẹ́ni, òun náà sì ń tọ ọ̀nà jíjìn lọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mo ti bá ọ̀gá ọ́fíìsì jiyàn lórí èyí: ẹ̀ ń ra dátà kún dátà, nígbà tó jẹ́ pé inverter kékeré tàbí UPS lábẹ́ ráútà ni ẹ nílò. Ráútà kì í jẹ iná púpọ̀. Ibi tí mo ti gbé e sábẹ́ UPS, àròyé yẹn kú. Ẹni tó bá ń lo Unbound, sọ́fítíwíà resolver kan, lórí kọ̀ǹpútà kékeré tirẹ̀ tiẹ̀ lè fi unbound-control dump_cache kó ìrántí náà sínú fáìlì kó tó pa á, kó fi load_cache dá a padà nígbà tó bá jí.

Nítorí náà, bí ẹ bá ní resolver gidi lọ́wọ́, ẹ má máa nu gbogbo rẹ̀. Lórí BIND, tí òun náà jẹ́ sọ́fítíwíà resolver, rndc flush ń kó ohun gbogbo lọ, rndc flushname ń mú orúkọ kan, rndc flushtree ń mú orúkọ kan àti gbogbo ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀. Lórí Unbound, unbound-control flush ń mú orúkọ kan, flush_zone ń mú ìdílé orúkọ náà. Flushtree àti flush_zone ni kí ẹ máa kọ́kọ́ rò, nítorí nígbà tí ìkànnì bá ṣí ibùgbé, kì í ṣe àdírẹ́sì www nìkan ló ń yí. Ti ímeèlì wà níbẹ̀, ti àwọn sáfà tó ń dáhùn fún orúkọ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó bá nu www nìkan á rí ìkànnì tuntun, lẹ́tà rẹ̀ á sì máa lọ sílé àtijọ́.

Ìrántí kan tún wà tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ pé ó wà, òun ló sì ń ya mí lẹ́nu jù bó ṣe ń ná ènìyàn lákòókò tó. Resolver ń rántí àìsí. Bí ẹ bá bi í ní orúkọ tí kò sí, á lọ béèrè, wọ́n á dá a lóhùn pé kò sí, òun náà á sì fi “kò sí” yẹn pa mọ́. Ìlànà tó fìdí èyí múlẹ̀ jáde ní 1998, ó sì ní kí ìwọ̀n àkókò náà wá látinú àkọsílẹ̀ SOA ti ẹni tó ni orúkọ. Báyìí ni ó ṣe máa ń ṣẹlẹ̀: ẹ fẹ́ ṣí portal fún ilé ẹ̀kọ́. Ọ̀gá kò ní sùúrù, ó ti tẹ portal sínú fóònù rẹ̀ ṣáájú kí ẹ tó kọ ọ́ sínú DNS. “Kò sí.” Ráútà ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, ẹ ti kọ ọ́, ó ti wà, gbogbo ayé ń rí i, ọ́fíìsì yẹn nìkan ni kò rí i. Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ohun tí kò bàjẹ́ ṣe. Ẹ yí àkọsílẹ̀ padà, ẹ pa á rẹ́, ẹ tún un kọ, ẹ sì wá bà á jẹ́ lóòótọ́. Níbí yìí ni nínu káàṣì ti wúlò jù lọ, lórí orúkọ yẹn nìkan. Ìkìlọ̀ mi fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ni pé kí wọ́n kọ ọ́ sínú DNS tán kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, kí ìbéèrè àkọ́kọ́ sì jẹ́ tààrà sí sáfà tó ni orúkọ náà, pẹ̀lú dig tí a fi @ àti orúkọ sáfà yẹn sí, kó má gba inú ìrántí ẹnikẹ́ni kọjá.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ń kó sínú wàhálà ìrántí. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án 2021, Slack, tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ fi ń bá àwọn òṣìṣẹ́ wọn sọ̀rọ̀, gbìyànjú láti fi DNSSEC, ìyẹn òǹtẹ̀ ìdánilójú, sórí slack.com. Nǹkan kò lọ bó ṣe yẹ, wọ́n bá yọ òǹtẹ̀ náà kúrò. Àmọ́ àkọsílẹ̀ tó sọ pé “orúkọ yìí ní òǹtẹ̀” ti wà nínú ìrántí àwọn resolver káàkiri ayé, TTL rẹ̀ sì jẹ́ wákàtí mẹ́rìnlélógún. Àwọn resolver tó ń yẹ òǹtẹ̀ wò wá òǹtẹ̀, wọn kò rí i, wọ́n kọ̀ láti dáhùn. Slack kò lè ṣe ju kí wọ́n máa bẹ àwọn olùtọ́jú resolver pé ẹ jọ̀wọ́ ẹ nu orúkọ wa. Àwọn onímọ̀ tó dáńtọ́ ló wà níbẹ̀, síbẹ̀ ọwọ́ wọn kò tó ìrántí tó wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, ni Facebook, WhatsApp àti Instagram pòórá fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà. Gbogbo ọjà Èkó ló mọ ọjọ́ yẹn, nítorí orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ ti ń tajà. Níbẹ̀, ọ̀nà tó lọ sọ́dọ̀ àwọn sáfà DNS ti Facebook ló kúrò lórí àwòrán ọ̀nà íntánẹ́ẹ̀tì. Ìrántí kúkúrú ni Facebook ń fún àwọn orúkọ rẹ̀, nítorí náà, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ìdáhùn tó wà nílẹ̀ ti kú, kò sì sí ẹni tí wọ́n lè bi. Àwọn ènìyàn ń pa fóònù, wọ́n ń tàn án, wọ́n ń nu káàṣì, lórí ohun tí ìrántí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Èyí mú mi dé ọjọ́ 14 oṣù Kẹta 2024. Okùn abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, ACE, SAT-3 àti MainOne, bàjẹ́ ní etíkun Côte d’Ivoire, Nàìjíríà, Gánà, Bìnì àti àwọn ará ẹ̀gbẹ́ wa sì rí àbájáde rẹ̀. Ilé ìfowópamọ́ kò lè ṣiṣẹ́ bó ti yẹ, ọ́fíìsì mìíràn kò rí íntánẹ́ẹ̀tì rárá. Ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, nínu káàṣì jẹ́ ìpalára tí ẹ fi ọwọ́ ara yín ṣe. Ìdáhùn tó wà nínú ráútà yín lè jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù láàárín yín àti sáfà kan tó wà ní Èkó gan-an, tó sì ń ṣiṣẹ́, nígbà tí àwọn sáfà DNS tó ń tọ́ka sí i wà lókè òkun tí ọ̀nà ti dí. Bí ẹ bá nù ún, ẹ ti gé ara yín kúrò lára ohun tó wà nítòsí. Ní 2020 ni wọ́n kọ ìlànà kan jáde tó gba resolver láàyè láti máa fi ìdáhùn tó ti kọjá àkókò dáhùn bí ọ̀nà sọ́dọ̀ ẹni tó ni orúkọ bá dí. Lórí Unbound, serve-expired ni wọ́n ń pè é. Lórí BIND, stale-answer-enable. Nílẹ̀ tí okùn ti ń já, tí iná ti ń lọ, mo rò pé gbogbo resolver tó bá ń sin ju ìdílé kan lọ ló yẹ kó tan án. Ó sì yẹ kí ẹ̀yin tí ẹ ní dómènì béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ẹ rà á lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá ọ̀kan ó kéré tán nínú àwọn sáfà DNS yín wà nílé. IXPN, ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà ti ń pàdé kí ọ̀rọ̀ tí Èkó ń bá Èkó sọ má baà gba ìlú òyìnbó kọjá, ti wà láti 2006. Ẹ fi orúkọ yín sí tòsí rẹ̀.

Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé gbogbo ìrántí lẹ gbọ́dọ̀ nù, láìwẹ̀yìn. Ní oṣù Keje 2008, Dan Kaminsky fi hàn pé ẹni ibi lè sáré fi ìdáhùn èké kún inú káàṣì resolver, nítorí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lórí ìbéèrè kò ju 65,536 lọ, a sì lè méfò rẹ̀. Ẹni tó bá tẹ orúkọ báǹkì á bára rẹ̀ lọ́dọ̀ olè, orúkọ tó tọ́ ló sì wà lójú rẹ̀. Wọ́n tún àwọn resolver ṣe kíákíá nígbà náà, wọ́n ń yí ẹnu ọ̀nà tí ìbéèrè ń gbà jáde padà kó má ṣeé méfò. Síbẹ̀, bí ẹ bá rí orúkọ kan nínú káàṣì yín tó ń tọ́ka sí ibi tí kò yẹ, ẹ má mú ẹyọ kan kúrò kí ẹ fi àwọn yòókù sílẹ̀. Ẹ kò mọ ohun tó tún wọlé. Ẹ nù ún tán, ẹ gbé sọ́fítíwíà náà dé èyí tuntun, ẹ yí password ráútà padà. Ẹ sì wo ibi kan lórí MikroTik tí wọ́n ń pè ní Allow Remote Requests. Ó gbọ́dọ̀ wà ní títàn kí ọ́fíìsì lè bi ráútà, ṣùgbọ́n bí fáyawọ̀lù kò bá dí i láti ìta, gbogbo ayé ló lè máa bi í pẹ̀lú. Àwọn apanilára á máa fi ráútà yín kọlu ẹlòmíràn, ẹ̀yin á sì máa sanwó dátà rẹ̀.

Mo padà sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tó fẹ́ gbé ìkànnì kúrò. Ohun tó yẹ kó ṣe bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ọjọ́ ìkóẹrù. Bí TTL rẹ̀ bá jẹ́ 86400, kí ó sọ ọ́ di 300, ó kéré tán odindi ọjọ́ kan ṣáájú, nítorí ẹni tó gba ìdáhùn ní ìṣẹ́jú kan ṣáájú ìyípadà náà ṣì lẹ́tọ̀ọ́ láti dì í mú fún wákàtí mẹ́rìnlélógún. Mo máa ń fi ọjọ́ kejì kún un. Bí ó bá jẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ló fẹ́ kó, Ọjọ́rú ni kó ti dín in kù. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ó bá yí àdírẹ́sì, resolver tó bá pa òfin mọ́ kò ní rántí ti àtijọ́ ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kò sì ní sí ìdí láti pe akọ̀wé tàbí òbí kankan pé kó wá nu ohunkóhun. Lẹ́yìn ọjọ́ méjì mẹ́ta tí ohun gbogbo bá ti fìdí múlẹ̀, kí ó gbé TTL padà sókè, kí ó má fi sílẹ̀ ní 300. Ìrántí gígùn ló ń gbà á lọ́jọ́ tí okùn bá já.

Bí ó bá jẹ́ sáfà DNS fúnra rẹ̀ ló ń yí kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀. Ìrántí ti ìyẹn ń ti ọ̀dọ̀ ẹ̀ka tó wà lókè wá, bíi .ng tàbí .com, ọ̀gá náà kò lè dín in kù. Kí ó kọ gbogbo àkọsílẹ̀ sórí sáfà tuntun kó pé pérépéré, kí méjèèjì máa sọ ohun kan náà, kí ó tó yí i.

Kí ó sì má tíì san owó ìparí fún sáfà àtijọ́ náà pé kí wọ́n pa á. Kí ó fi í sílẹ̀ ní títàn fún ọ̀sẹ̀ kan, kí ó fi àkọlé síbẹ̀ tó ń darí ẹni tó bá ṣì yà síbẹ̀ lọ síbi tuntun, kí ó ti fọ́ọ̀mù ibẹ̀ pa kí òbí kankan má baà kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sínú òfo. Lójoojúmọ́, kí ọmọkùnrin tó ń bá wọn ṣe kọ̀ǹpútà ka log rẹ̀, kó wo àwọn tó ṣì ń wá síbẹ̀. Ní ọjọ́ tí kò bá rí ẹnikẹ́ni mọ́ ju àwọn róbọ́ọ̀tì tó ń rìn kiri, kí wọ́n pa á.